Bàbá oníbáàtì ló ń ṣe ọ́mpáyà: ṣé ìrẹ́jẹ ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni kíríkẹ́ẹ̀tì abúlé ṣe rí?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, inú ń bí mi láti Sátidé.

Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé, ní abúlé kan báyìí. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, wà nínú ikọ̀ kejì abúlé wa tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní líìgì Sátidé, èmi ni mo sì máa ń bá wọn kọ ìwé rọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwa la kọ́kọ́ gbá báàtì, a ní rọ́ọ̀nù 163 ní ófà 40 (bọ́ọ̀lù 6 ló wà nínú ófà kan). Àwọn àlejò wa lé e, wọ́n lé e, títí wíkẹ́ẹ̀tì 9 fi bọ́ lọ́wọ́ wọn (oníbáàtì 9 ti jáde, bí ọ̀kan sí i bá jáde, ó parí fún wọn), tó ku rọ́ọ̀nù 6 kí wọ́n borí. Ọmọ mi ju bọ́ọ̀lù kan, ó bá ẹsẹ̀ oníbáàtì níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́, a gbọ́ ìró rẹ̀ dé ìdí tábìlì wa. Gbogbo ikọ̀ wa pariwo "Howzat!" Ìyẹn ni pé kí ọ́mpáyà, adájọ́ eré, sọ pé oníbáàtì ti jáde. Ọ́mpáyà mi orí, ó ní rárá. Ta ni ọ́mpáyà? Bàbá tó bí oníbáàtì! Ófà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá fọ́ọ̀ (rọ́ọ̀nù 4) méjì, wọ́n borí, wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ọmọ mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ mi ní eré lásán ni, kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ṣé kí n kọ̀wé sí líìgì ni, àbí kí n kúkú yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀?

*

Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà ń gbá a ní abúlé kan ní Hampshire, ikọ̀ kẹta, níbi tí ọmọ iléèwé àti bàbá àgbà ti jọ ń wọ aṣọ funfun. Kí n tètè sọ tèmi: bàbá yẹn kò yẹ lẹ́ni tí ń dúró nídìí igi nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú báàtì. Bóyá bọ́ọ̀lù yẹn jẹ́ áòtì (pé oníbáàtì ti jáde) tàbí kò jẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, torí ibi tí wọ́n ti pa pọ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé báwo ni bàbá oníbáàtì ṣe wá di adájọ́: bí líìgì abúlé ṣe rí nìyẹn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní dífíṣọ̀n òkè, líìgì ló ń rán ọ́mpáyà wá, wọ́n sì ń fún wọn lówó díẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, èèyàn ò tó, owó ò sì sí. Ikọ̀ tó ń gbá báàtì lọ́wọ́ ló máa yọ èèyàn méjì nínú ara wọn, ẹni tó ti jáde tàbí ẹni tí kò tíì kàn. Wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ 6 sápò láti fi ka bọ́ọ̀lù inú ófà, wọ́n á so súwẹ́tà bọ́ọ̀là (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) mọ́ ìbàdí, wọ́n á dúró. Bí ẹni tó kàn bá fẹ́ wọ páàdì, ẹlòmíràn á lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí èèyàn 4 tàbí 5 á ti ṣe é kí ìdajì eré tó parí.

Báyìí, nígbà tó bá ku àwọn méjì tó kẹ́yìn, ta ló wà nílẹ̀? Gbogbo ẹni tó ti jáde wà nílẹ̀. Bí ẹ bá yọ àwọn méjì tó ń ṣe ọ́mpáyà, èèyàn 7 ṣì jókòó lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ti bọ́ páàdì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kò sí àwíjàre fún ikọ̀ yẹn. Bí ọmọ bàbá ṣe ń rìn wọlé ni ó yẹ kí bàbá ti máa rìn jáde.

*

Àwọn kan ti kọ ọ́ síbí pé "bí bọ́ọ̀lù bá ti lu ẹsẹ̀ níwájú igi, áòtì ni, kí ló tún kù?" Ó kù púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí LBW (leg before wicket, ìyẹn ẹsẹ̀ tó dí igi) dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ohun mẹ́ta ni ọ́mpáyà ní láti rí, kó sì rí wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkíní, ibi tí bọ́ọ̀lù ti balẹ̀. Bó bá balẹ̀ sí òde igi ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ oníbáàtì, ó parí, kì í ṣe áòtì, kódà bó bá ń lọ fọ́ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì, ibi tó ti lu ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iwájú igi gan-an. Bó bá jẹ́ òde igi ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àfi bí oníbáàtì kò bá gbìyànjú láti gbá a rárá ló lè jẹ́ áòtì. Ẹ̀kẹta, ibi tí ì bá lọ ká ní ẹsẹ̀ ò dí i. Bó bá máa fò kọjá lórí igi tàbí kó yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe áòtì. Àti pé bí báàtì bá ti kàn án ṣáájú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìyá ọmọ, ẹ ti dáhùn ìbéèrè mi pé ọwọ́ òsì lọmọ yín fi ń ju bọ́ọ̀lù, pé apá ọ̀tún igi ló ń gbà wá, àti pé ọwọ́ ọ̀tún ni oníbáàtì fi ń gbá. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ yín ń ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ oníbáàtì, ó ń dá a kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá balẹ̀ ní òde igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, òfin ti pa á. Bó bá balẹ̀ níwájú igi, ọ̀nà tó ń gbà lọ á máa gbé e jáde, àfi bó bá tẹ̀ padà wọlé lójú ọ̀run tàbí nígbà tó kan ilẹ̀. Irú bọ́ọ̀là bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti rí LBW gbà lọ́wọ́ ọ́mpáyà kankan, bàbá oníbáàtì o, àlejò o.

Tábìlì akọ̀wé yín ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ pápá ló wà. Láti ibẹ̀, ẹ lè rí i bóyá bọ́ọ̀lù ga tàbí kò ga. Ẹ ò lè rí i bóyá ó wà níwájú igi. Ẹni tó dúró lẹ́yìn igi lápá ti bọ́ọ̀là, àti kípà tó lóṣòó sẹ́yìn igi ní òdìkejì láti mú bọ́ọ̀lù, àwọn nìkan ni ojú wọn tọ́ sí i. Kí ni kípà yín sọ lẹ́yìn eré? Òun ni kí ẹ bi. Bí kípà bá ní "ó ń yà lọ," ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀ pátápátá.

*

Ẹ̀gbọ́n kan láti Manchester ní kí ni mò ń wí, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, pé ta ni yóò gbé ìka sókè, àmì pé ó ti jáde, fún ọmọ tirẹ̀ nígbà tó ku rọ́ọ̀nù 6? Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo yarí kanlẹ̀ lórí eléyìí. Ìlẹ̀kẹ̀ tèmi ni mò ń fi sídìí ọmọ mi. Ìpinnu ọ́mpáyà kì í ṣe ti ẹni tó dúró síbẹ̀. Ti àwọn 22 tó ń gbá eré ọjọ́ náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà làwa Yorùbá ní agbẹjọ́ẹnìkandá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ọkàn òun ò ní gbà á, kó má gbé kóòtù funfun yẹn wọ̀.

Èmi ti ṣe é rí. Àwa la kọ́kọ́ gbá báàtì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbé mi jáde lọ́wọ́ kùtù, ni mo bá lọ dúró nídìí igi. Balógun wa, olórí ikọ̀, ló ń gbá báàtì níbẹ̀, ó ti kọjá rọ́ọ̀nù 40, ó ń gbá a lọ ní tìrẹ. Bọ́ọ̀là wọn, ọkùnrin abikùn kan tó ń jù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, rán ọ̀kan wá tí kò fò rárá. Ó sá mọ́lẹ̀, ó bá a lókè bàtà, níwájú igi àárín. Wọ́n pariwo. Mo ka á lọ́kàn: ibi tó balẹ̀, ibi tó lù, ibi tó ń lọ. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà yí i. Mo gbé ìka sókè. Balógun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wò mí. Nídìí tíì, ẹnìkan nínú wa sọ ọ́ sí mi létí pé ṣé mo gbàgbé ikọ̀ tí mo wà ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn yẹn wọlé láti gbá báàtì, ọ́mpáyà wọn náà gbé ìka sókè fún wa, LBW, láìjáfara, fún oníbáàtì wọn tó dára jù. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Balógun wa fúnra rẹ̀ ló wá sọ níwájú gbogbo wa pé kí n máa dúró sídìí igi nígbàkúùgbà tí mo bá ti jáde. Ibi tí ikọ̀ méjèèjì bá ti mọ̀ pé ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbé ìka sókè, eré á dùn. Ibi tí wọn kì í bá ti í gbé e láéláé, àwọn oníbáàtì á máa fi ẹsẹ̀ dí igi, àwọn bọ́ọ̀là á máa bú, gbogbo ìrọ̀lẹ́ á bàjẹ́.

*

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin mélòó kan kọ ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin mìíràn sì kọ gbangba: ṣé kì í ṣe nítorí àwọ̀ ọmọ náà? N kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tí ECB, àjọ tó ń darí eré yìí ní England àti Wales, fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ ọ́ jáde pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìkórìíra obìnrin àti ìṣojúsàájú fún àwọn ọmọ olówó wọ́pọ̀ nínú kíríkẹ́ẹ̀tì wọn. ECB tọrọ àforíjì. Ẹ̀rí Azeem Rafiq, tó ti gbá fún ẹgbẹ́ Yorkshire rí, nípa ohun tó fojú rí níbẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Nítorí náà ẹni tó bá béèrè kò ya wèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé rọ́ọ̀nù tí ẹ kọ lọ́wọ́ ara yín, ìyá ọmọ. Ẹ ní bọ́ọ̀là yín méjì mìíràn, òyìnbó làwọn, pariwo LBW lọ́jọ́ náà, kò sì sí èyí tí wọ́n fún. Ìyẹn fi hàn mí pé ikọ̀ tí kì í gbé ìka sókè fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí ọmọ yín nípa awọ ara rẹ̀, lórí pápá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbọ́, kí ẹ fún ẹni tí ẹgbẹ́ yín yàn láti máa dáàbò bo àwọn ọmọdé. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ní ọmọdé ló gbọ́dọ̀ ní ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ìparí ọdún.

*

Ẹni tó ní kíríkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré wa, pé kí ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀: ikọ̀ Èkó bá Gold Coast (Ghana òde òní) gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní 1904. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọdún 19 na New Zealand pẹ̀lú rọ́ọ̀nù 2 ní ìdíje àgbáyé ní Malaysia. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá ohun tó wù ú.

*

Ẹ padà sí ọ́mpáyà. Ẹnìkan ní àwọn oyìnbó kàn ń ṣe bí olódodo ni, pé "ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti jáde á máa rìn lọ láìdúró de ọ́mpáyà." Òótọ́ ni pé àṣà yẹn wà. Bí báàtì bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí kípà sì mú un, àwọn kan á rìn lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rìn fún LBW, kò sì yẹ kó rìn, torí oníbáàtì náà kò rí i. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sún. Nítorí náà ẹ má bínú sí ọmọ tó mú báàtì o. Kò ṣe nǹkan kan. Ó dúró de ìdájọ́, wọ́n dá a.

Ẹni tó tún sọ pé "iyèméjì jẹ́ ti oníbáàtì": bẹ́ẹ̀ ni, àṣà tí mo fara mọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ikọ̀ tí iyèméjì wọn ò tán láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án. Àwọn wọ̀nyí ni mò ń bá wí.

*

Àbúrò kan bi mí pé ṣé àwọn ńlá náà ń ṣe irú èyí. Wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún! Nínú ìdíje Test, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn gbá, orílẹ̀-èdè tó gbàlejò ló máa ń fi ọmọ ìlú rẹ̀ ṣe ọ́mpáyà méjèèjì. Ìjà ò tán níbẹ̀. Ní 1986, Pakistan pe ọ́mpáyà méjì láti Íńdíà wá sí Lahore láti dá eré wọn pẹ̀lú West Indies, nítorí ó ti sú wọn láti máa gbọ́ pé àwọn ń fi èèyàn wọn rẹ́ àlejò jẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Faisalabad, balógun England, Mike Gatting, àti ọ́mpáyà Shakoor Rana na ìka síra wọn lójú, wọ́n bú ara wọn níwájú ayé, odidi ọjọ́ kan sì ṣòfò láìgbá bọ́ọ̀lù nítorí ọ́mpáyà ní àfi bí òun bá gba ìwé àforíjì. Ó di 1994 kí ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, tó sọ ọ́ di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wá láti ìlú mìíràn, ó sì di 2002 kí méjèèjì tó jẹ́ àjèjì.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìrìn-àjò le, wọ́n tún dá ọ́mpáyà onílé padà fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìjà bíi ti Faisalabad, nítorí àwọn tó dúró níbẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ dójú àmì, fídíò sì wà lẹ́yìn wọn. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé ìmọ̀ lè wo ìdajì àìsàn yìí sàn. Abúlé ò ní fídíò, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà. ECB ń kọ́ àwọn èèyàn ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ọ́mpáyà, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le, kò sì gba àkókò. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lè rán èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nígbà òtútù, ìgbà ẹ̀rùn tó ń bọ̀ á yàtọ̀.

Ẹ má sì rò pé ìjà abúlé lórí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hambledon, abúlé tó lókìkí jù nínú ìtàn eré yìí, Hampshire wa níbí ló wà, lórí òkè Broadhalfpenny Down. Ní 1771, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ White, tó ń gbá fún Chertsey, gbé báàtì tó fẹ̀ tó gbogbo wíkẹ́ẹ̀tì wá kojú wọn. Hambledon fárígá. Láti ibẹ̀ ni báàtì ti ní ìwọ̀n, íǹṣì 4¼, a ò sì tíì kọjá ìwọ̀n yẹn di òní. LBW alára wọ ìwé òfin ní 1774, torí àwọn kan ti sọ ẹsẹ̀ wọn di ògiri. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀là kan, Lumpy Stevens, ju bọ́ọ̀lù gba àárín igi oníbáàtì Hambledon, John Small, kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igi ò ṣubú, nítorí igi méjì péré ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe fi igi kẹta sí àárín nìyẹn. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló sọ̀rọ̀, òfin sì yí padà. Mo fẹ́ kí ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ kó sọ ọ́ sí ni mo fẹ́ ká wò.

*

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n yà síbi tíì díẹ̀, torí àwọn tó ń kọ nípa oúnjẹ ti pọ̀ ju àwọn tó ń kọ nípa LBW lọ.

Tẹ́lẹ̀, líìgì ló ń pàṣẹ pé ikọ̀ tó gbàlejò gbọ́dọ̀ pèsè tíì láàárín ìdajì méjèèjì: sáńwíìṣì, kéèkì, tíì gbígbóná nínú ìkòkò ńlá. Kòrónà dá a dúró ní 2020, nígbà tó sì lọ tán, ọ̀pọ̀ líìgì ò sọ ọ́ di dandan mọ́. Àwọn kan dunnú, torí àwọn ìyàwó àti ìyá ló ń ṣe é láìgbowó, owó rẹ̀ sì ti wọ́n. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ìyàtọ̀. Nígbà tí tíì wà, ìwọ àti bọ́ọ̀là tí ẹ jọ ń wo ara yín kọ́rọ́ á jókòó sídìí tábìlì kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó máa na àwo oúnjẹ síra yín. Ó ṣòro láti padà wọ pápá lọ bú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu kéèkì fún ọ. Báyìí, oníkálukú ń jẹun nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹ́ tiwa dá a padà. Gbogbo wa là ń ṣe é, ọkùnrin lóbìnrin, a kọ orúkọ sára ògiri. Puff-puff àti mọ́ínmọ́ín tí ilé wa ń gbé lọ kì í ṣẹ́kù. Ìyá ọmọ, bí ẹgbẹ́ yín ò bá ṣe tíì mọ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè bóyá ọmọ ọdún 15 yẹ kó máa bá àgbàlagbà gbá a: ó yẹ, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kó dé akoto nígbà tó bá mú báàtì. Kò gbọdọ̀ dúró nítòsí jù níwájú oníbáàtì. Bọ́ọ̀là tó ń jù ú kíkankíkan ní iye ófà tí kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀, torí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì gbó. Èyí tí mo máa ń jà fún jù ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣe nǹkan. Mo ti rí àwọn balógun tó ń pe ọmọdé lálẹ́ Fráídè kí iye wọn lè pé 11, tí ọmọ á sì dúró lẹ́bàá ààlà pápá láti aago kan títí di aago méje láìju bọ́ọ̀lù kan. Balógun yín gbé bọ́ọ̀lù lé ọmọ yín lọ́wọ́ nígbà tó ku rọ́ọ̀nù 6. Ẹ ronú lé ìyẹn lórí kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò. Ó fọkàn tán an.

*

Ó yá, ohun tí mo rò pé kí ẹ ṣe.

Ẹ má kọ̀wé láti ní kí wọ́n yí èsì padà. Ìpinnu ọ́mpáyà lórí ohun tó rí, bí kò bá ti tètè yí i padà fúnra rẹ̀, ó ti di àṣegbé. Líìgì ò ní ka ìwé yẹn dé ìlà kejì, wọ́n á sì máa pè yín ní ìyá oníjà.

Ẹ bá balógun yín sọ̀rọ̀. Òun ló ń fi àbọ̀ eré ránṣẹ́ sí líìgì, nínú ọ̀pọ̀ líìgì àyè sì wà nínú rẹ̀ láti sọ bí ikọ̀ kejì ṣe hùwà. Kó kọ ọ́ ní ìlà méjì pé bàbá ló dúró nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú báàtì, nígbà tí ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Kó má fi èébú kún un. Bí àwọn ikọ̀ mìíràn bá ti kọ irú rẹ̀ nípa wọn, líìgì á rí i.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí balógun yín máa sọ ọ́ kí wọ́n tó ju owó sókè, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹbí má dúró fún ẹbí, kí a sì máa gbé ìka sókè bó bá tọ́." Àwa ń ṣe é. Ikọ̀ tó pọ̀ jù ló máa ń gbà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì gbàgbé, tí ẹ rí bàbá níbẹ̀, kí balógun lọ bá balógun kejì ní ìparí ófà, kó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n pààrọ̀. Bọ́ọ̀là kọ́ ni kó lọ, àgàgà ọmọdé. Láti 2017 ni ìwé òfin MCC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin kíríkẹ́ẹ̀tì, ti fún ọ́mpáyà lágbára láti fi rọ́ọ̀nù 5 jẹ ikọ̀ oníwàkiwà níyà, kódà láti lé èèyàn kúrò lórí pápá. Mi ò fẹ́ kí ìbínú gbé ọmọ yín débẹ̀.

Nígbà òtútù, tí líìgì bá ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, kí ẹgbẹ́ yín gbé àbá wá kí ó wọ ìwé òfin líìgì: kò sí òbí, ọmọ tàbí ọkọ tàbí aya tí yóò dúró nídìí igi fún ẹni tirẹ̀ bí ẹlòmíràn bá wà. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ lọ sọ ọ́. Akọ̀wé rọ́ọ̀nù ló ń rí gbogbo bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbọ́ tiyín.

Ẹ sì lọ gba ẹ̀kọ́ ọ́mpáyà yẹn, ẹ̀yin àti ọkọ yín tó ní eré lásán ni. Ní Sátidé tí ẹlòmíràn bá lè kọ ìwé, ẹ wọ kóòtù funfun.

*

Mo ti ka èsì yín, ìyá ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ bi kípà, ó sì sọ òótọ́ fún yín pé òun pariwo lóòótọ́ ṣùgbọ́n òun rò pé bọ́ọ̀lù náà ì bá yà díẹ̀ lẹ́bàá igi ìta. Inú mi tún dùn pé balógun yín ti kọ ìlà méjì náà síbẹ̀síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dúró bó ṣe wà, kípà ò yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ wá ń sọ pé "ṣé ẹ rí i, bàbá náà jàre," rárá o. Bó bá tiẹ̀ dá a re, ọmọ ọdún 15 náà kò ní mọ̀ láéláé bóyá ó dá a re nítorí ojú rẹ̀ rí i ni àbí nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Iyèméjì yẹn ni wọn ò gbọ́dọ̀ gbé lé ọmọdé lórí.

Ní ti ohun tí ọmọ yín ní kí ẹ bi mí, pé báwo ni òun ṣe lè rí LBW gbà: kó gbìyànjú apá òsì igi. Bó bá ń gba ibẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sí oníbáàtì ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á máa wọlé sí igi dípò kó máa jáde. Á balẹ̀ níwájú igi, á lu ẹsẹ̀ níwájú igi, ọ́mpáyà á sì rí ibi tó ń lọ. Ohun tó máa ṣòro fún un ni pé kó má máa tẹ àárín ojú pápá lẹ́yìn tó bá jù ú tán, nítorí wọ́n á kìlọ̀ fún un, wọ́n sì lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa yà kúrò ní kíákíá. Kó fi bàtà àtijọ́ kan sílẹ̀ níwájú igi nínú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi eré dánra wò, níbi tí ẹsẹ̀ oníbáàtì máa wà, kó máa jù ú lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, kó tó dán an wò lọ́jọ́ Sátidé.